Òpó Iná Mọ́kànlélógún

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò
ní sítọ́ọ̀ ìjọba ní Oǹdó.
Irin ṣóńṣó kan ń bẹ lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ dá ihò.
N ó tì í bọ ìhà àpò, n ó fà á jáde,
hóró mẹ́wàá á dà sí àtẹ́lẹwọ́ mi,
n ó là wọ́n sí méjì:
èyí gbẹ, èyí hù, èyí ti bu funfun bí orí arúgbó.
N kì í tú àpò. Ihò kékeré yẹn tó
kí n mọ ohun tí àgbẹ̀ ń fi pamọ́.

Àfi alẹ́ ọjọ́ tí àyà mi fún
bí aṣọ tí wọ́n ń fún lẹ́tí odò,
tí apá òsì mi wúwo bí àpò kòkó tútù.

Dókítà kò là mí láyà.
Ọrùn ọwọ́ ló gún,
ó ki wáyà bọ̀ ọ́, wáyà ń rìn,
ó gba ìgbọ̀nwọ́, ó gba èjìká,
ó sọ̀ kalẹ̀ sínú mi lọ́hùn-ún.
Mo lajú sílẹ̀, mo ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n:
iṣan bí gbòǹgbò, dúdú lórí eérú.
Ọ̀kan dé ibì kan, ó pòórá.
“Bàbá, ibí ló dí.”
Ẹ̀rín pa mí, bí ẹnu mi tilẹ̀ gbẹ.
“Gíréèdì kìíní ni àbí ìkejì?”
Kò yé e. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀.
Ó fẹ́ nǹkan kan tíńtín síbẹ̀,
ó fi àwọ̀n irin gbé ògiri rẹ̀ dúró,
dúdú náà sì ń nà, ó ń nà,
títí ó fi dé ẹ̀ka tó kẹ́yìn.
N ò gbọ́ ìró kankan. Mo rò pé ó yẹ kí n gbọ́.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn parí sí.
Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ
ló wá ń bẹ̀rù àtilọ.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó sí fàráńdà bí ẹyin lórí àpáta.
Bí mo bá húkọ́, gbogbo ilé a dákẹ́.

Mosúnmọ́lá tó ń kọ́ wa ní ìrìn ní ilé ìwòsàn,
ọmọ tí mo fi ogójì ọdún jù, oníbàtà aláwọ̀ ewé,
ó ní, “Ẹran ni ọkàn, Bàbá, kì í ṣe ẹyin.
Ẹ máa ka òpó iná. Lónìí, méjì péré.
Kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn.
Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu yín, ẹ dúró.”

Ta ni n ó bá sọ̀rọ̀? Adétutù ìyàwó mi ni.
Òpó méjì, a sọ̀rọ̀ iyọ̀.
Òpó márùn-ún, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.
Ọjọ́ tí a dé òpó keje, ó ní
òun kò fẹ́ràn ilé tí mo kọ́ rí, fèrèsé rẹ̀ kéré.
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí a ti ń gbé inú rẹ̀!

Ní òpó kejìlá mo sọ tèmi.
Àgbẹ̀ kan ará Ìgbindó, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì,
kòkó rẹ̀ dára. Mo ní kò dára,
torí pé kò kí mi bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n máa kí mi.
Ó jókòó lé àpò rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Adétutù kò fèsì. Ó di òpó kẹrìnlá
kó tó wí pé, “Kí ni orúkọ rẹ̀?”
N kò mọ̀ ọ́n. A rìn lọ.

Òpó kọkànlélógún wà lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Òkè-Lísà.
Lónìí, ọ̀rọ̀ kò já lẹ́nu mi.
Tirẹ̀ ló já. Ó dúró, ó fi ọwọ́ ti òpó,
ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí gúlegúle.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú,
mo fi ìka méjì wá ibi tó ti ń lù,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.